Ẹ̀wù Ìléfòó Tí Èmi àti Ìyá Mi Yàn ní Dópẹ̀mú

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ ròyìn bí ẹ̀wù kan ṣe fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá mi, àti bí ẹ̀wù yẹn kan náà ṣe jẹ́ kí n wà láàyè tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Ó ti pẹ́ o. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra fóònù ní Ìkẹjà báyìí, oko obì làwa ń là kọjá ká tó débi iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí lọ́kọ̀ọ̀kan ni, bí olú lẹ́yìn òjò.

Múfútàù lorúkọ mi. Agége ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi. Iṣẹ́ fọganáísà ni mo kọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù púpọ̀ ní Ìkẹjà ló gbà mí, èmi ni mò ń lẹ tíúbù àwọn táyà wọn. Ìyá mi ní tiwọn ń ṣe tìmùtìmù àti ibùsùn tà fáwọn òṣìṣẹ́. Òwú àràbà ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀. Tí ẹ bá wọ ilé wa nígbà náà, òwú á lẹ̀ mọ́ yín nírun, á lẹ̀ mọ́ yín létè. Kódà ọbẹ̀ wa kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi nìkan lọmọ wọn. Omi ló gbé bàbá mi lọ. Wọ́n ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ nínú ọkọ̀ onígbòkun nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi, ìjì dé, ọkọ̀ sì dojú dé. Títí dòní, a ò rí òkú wọn sin. Láti ìgbà náà ni ìyá mi kò ti fẹ́ rí ọ̀sà sójú. Tí ọ̀rọ̀ bá gbé wọn dé Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á dijú nínú bọ́ọ̀sì títí ẹnì kan á fi sọ fún wọn pé afárá ti tán.

Kí wá lèmi ọmọ wọn lọ fẹ́ràn? Omi náà ni.

Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ló kó mi sí i. Káfíńtà ni wọ́n nílé iṣẹ́ wa, ọmọ ìjọ Aládúrà, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Ẹ̀bá ọ̀sà ní apá Ìjẹ̀bú ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan ló ní irú ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi sáré ìje lórí ọ̀sà lọ́jọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ wòran. A wọ rélùwéè lọ.

Ṣé ẹ ti rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kún inú ìgbòkun rí? Aṣọ náà á kọ́kọ́ máa lù pàpàpà bí ẹni tínú ń bí. Lójijì, á dákẹ́, á fẹ̀, ọkọ̀ á sì ta síwájú láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí àjẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ní ọwọ́ mi le, mo mọ okùn fà, pé kí n wá ṣe ìkejì àwọn nínú ìje tó ń bọ̀.

Mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ o. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ìyẹn kò le, ohun tó le ni ìyá mi. Òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹ̀yìn ṣe. Mo bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ya òwú, mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn gbé òwú ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Múfú, ìwọ nìkan ló kù fún mi," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n tún fà ọ́ lé ọ̀sà lọ́wọ́ ni?"

Mo dìde. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ nìkan ló ń mú wa sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ló wá bẹ̀ wọ́n nílé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé àwọn tó ń fi bàálù fò kọjá lórí òkun ní ẹ̀wù kan tí wọ́n ń wọ̀, tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní rọ́bà wà nínú rẹ̀, téèyàn bá fa okùn kan, gáàsì á kún un, á gbé onítọ̀hún léfòó. Wọ́n ní bàbá kan wà ní Dópẹ̀mú tó ń tà á.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Wọ́n wojú mi, wọ́n wojú Bọ̀ọ̀dá Rótìmí.

"Èmi náà á tẹ̀ lé yín lọ," ni wọ́n wí. "Tí mo bá rí i tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbà. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọkọ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ Álfà Sàlámì ní Dópẹ̀mú. Gbàǹjo ni Álfà máa ń lọ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á ra àwọn ohun tí wọn ò lò mọ́ níbẹ̀, wọ́n á wá pàtẹ ẹ̀ síwájú ilé wọn. Ìjókòó bàálù wà níbẹ̀, okùn wà, àpótí irin wà. Àwọn láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kọ́ sára ògiri, dúrọ́ọ̀mù omi kan sì wà nítòsí fún ẹni tó bá fẹ́ dán ọjà wò.

Ojú mi lọ sórí ọ̀kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n tán, ó fẹ́lẹ́, ó sì fúyẹ́. Mo fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú dúrọ́ọ̀mù bí mo ṣe ń ṣe tíúbù. Kò jò rárá. Mo yẹ ìgò irin kékeré tí gáàsì wà nínú rẹ̀ wò, ẹnu rẹ̀ kò tíì lu. Fèrè wà lára rẹ̀ téèyàn lè fi ké sí èèyàn. Kí ni mo tún ń wá? Mo ti fẹ́ máa bá Álfà ná an.

Ìyá mi ní kí n dúró. Wọ́n bi Álfà léèrè pé ká ní kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀wù yìí, kí ló ń gbé èèyàn léfòó?

Álfà ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa fa okùn.

"Tí nǹkan bá wá là á lórí kó tó já sómi ńkọ́?" ni ìyá mi bèèrè. "Ẹni tó dákú kì í fa okùn."

Èmi mọ igi tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun. Tí ọkọ̀ bá yí padà, bí ìgbájú ni igi yẹn máa ń gbá kọjá lórí ọkọ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi rí. Ta ló wá sọ fún wọn?

Ìyá mi ní tiwọn mú òmíràn, èyí tí wọ́n fi igi kọ́ọ̀kì, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ṣe. Wọ́n ní èyí ni, kò nílò okùn, kò nílò gáàsì. Mo wọ̀ ọ́. Ó dà bíi pé wọ́n kan ilẹ̀kùn mọ́ mi láyà àti lẹ́yìn. Mi ò lè tẹrí ba, mi ò lè fa okùn, gbogbo ìgbà ló ń ti àgbọ̀n mi. Mo ní tí mo bá wọ èyí, mi ò wúlò nínú ọkọ̀. Ìyá mi ní kí n kúkú má wúlò, kí n ṣá wà láàyè. Mo fèsì, àwọn náà fèsì. Ohùn wa ti ń ga sókè. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ń wo bàtà wọn.

Álfà Sàlámì ló fi ẹ̀rín bá wa pa á. Wọ́n wọlé, wọ́n fa ẹ̀kẹta jáde lábẹ́ àwọn àpò kan. Ó burẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́. Eruku bò ó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: òwú wà nínú rẹ̀ níwájú, rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ sì wà lẹ́yìn òwú náà. Ó ní ọrùn ńlá tó yí ẹ̀yìn orí ká bí ìrọ̀rí. Ó ní ìgò gáàsì, ó ní ọ̀pá tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ tí gáàsì bá kọ̀, fèrè sì wà lápò.

Ìyá mi ti ọwọ́ bọ ibi tó ya lára rẹ̀, wọ́n fa òwú díẹ̀ jáde, wọ́n rún un láàárín ìka.

"Àràbà ni," ni wọ́n wí. "Ó ti gan. Omi ti wọ̀ ọ́ rí, kò lè gbé adìẹ léfòó."

Èmi náà fẹ́ rọ́bà rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sómi. Ìfófòó tín-ínrín ń jáde létí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojú, kí n tó rántí ohun tí mò ń fi ojoojúmọ́ ṣe. Mo ní ibi tó ń jò yìí, mo lè lẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi ní òwú yẹn, àwọn lè pààrọ̀ rẹ̀.

A wo ara wa. Ó pẹ́ tí a ti wo ara wa bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Èyí la gbé lọ sílé.

Mo lẹ rọ́bà náà níbi iṣẹ́, mo fẹ́ ẹ, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò rọ̀. Ìyá mi tú ẹ̀wù náà, wọ́n yọ òwú àtijọ́ dànù, wọ́n ṣa òwú tó gbẹ jù lọ nínú ilé, wọ́n kì í, wọ́n sì rán an pa. Mo rò pé ó tán. Wọ́n ní kò tán, àwọn ò tíì rí i nínú omi.

Nígbà yẹn, kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa níbi tí àwọn tó ń ṣe títì ti wa yẹ̀pẹ̀. Òjò ti kún un, ó sì jìn. Mo gbé ẹ̀wù náà débẹ̀, mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí bẹ̀ wọ́n. Àwọn aládùúgbò tó ti péjọ bẹ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ aṣọ. Wọ́n fi ọ̀já gba ìró wọn pinpin, wọ́n wọ ẹ̀wù náà lé bùbá, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Rótìmí so okùn mọ́ àwọn nídìí. Obìnrin tí kì í la ojú kọjá lórí afárá rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, wọ́n ń pe Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń lọ.

Òwú náà gbé wọn. Ẹ̀wù náà dìde ṣáájú wọn ni, ó gun àyà wọn, ó bo etí, ó bo imú. Wọ́n mu omi díẹ̀. A fà wọ́n jáde, wọ́n ń wúkọ́, gbogbo ará àdúgbò ń dá mi lẹ́bi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti parí nìyẹn.

Ìyá mi nu ojú wọn. Wọ́n ní àwọn ti rí i: kò sí ohun tó dì í mọ́ ìdí. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n rán ìgbànú kan tó gba abẹ́ itan láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n tún padà sínú omi. Ní báyìí, ẹ̀wù náà dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ìyá mi wá dọ̀bálẹ̀ lórí omi, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀ bí ẹni tó dákú. Ara wọn rọra yí, yí, títí ojú wọn fi kọjú sí òkè, orí wọn sì sinmi lé ọrùn ẹ̀wù náà. Wọ́n la ojú, wọ́n ń wo sánmà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní mo lè lọ.

Ọjọ́ ìje, afẹ́fẹ́ dára láàárọ̀. Èmi nìkan ni mo wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Tìmùtìmù. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí kò wọ irú ẹ̀, wọ́n ní ẹja kì í wọ ẹ̀wù. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a tilẹ̀ ti kọjá àwọn kan, kí ojú ọ̀run tó ṣú láti apá ìlà oòrùn. Òjò dé tòun ti ìjì. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ní kí n tẹrí ba. Mo gbọ́ "tẹrí", mi ò gbọ́ "ba".

Ohun tí mo mọ̀ tẹ̀ lé e ni pé òjò ń rọ̀ sí mi lójú. Mo rò pé orí ibùsùn ni mo wà, pé òrùlé wa ló ń jò. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé mò ń mì sókè sódò. Inú omi ni mo wà, mo dojú kọ sánmà, ohun rírọ̀ kan sì wà lábẹ́ orí mi. Mi ò tíì fa okùn kankan. Òwú ìyá mi ló gbé mi.

Mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Rótìmí. Wọ́n ti bẹ́ sómi tẹ̀ lé mi, ọkọ̀ sì ti sá lọ. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ké. Iṣan ẹsẹ̀ wọn ti fà. Orí wọn lọ sísàlẹ̀, ó jáde, ó tún lọ.

Mo na ọwọ́, mo gbá wọn lọ́rùn aṣọ mú. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Òwú kò lè gbé èèyàn méjì. Mo wá okùn gáàsì kiri, mo rí i, mo sì fà á.

Ẹ ò lè mọ bí ohùn yẹn ṣe dùn tó létí mi: fúúù! Ẹ̀wù náà wú lójú ẹsẹ̀, ó gbé mi sókè, mo sì fa Bọ̀ọ̀dá Rótìmí sórí àyà mi. Wọ́n ń pọ omi, wọ́n ń pe Jésù, èmi ń ka Kúlùwálà. Òjò kò jẹ́ ká rí ibi kankan. Mo yọ fèrè, mo fọn ọ́n, mo sinmi, mo tún fọn ọ́n. Ètè mi kú. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣọ́ wa gbọ́ fèrè ṣáájú kó tó rí wa. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ibòmíràn làwọn ì bá wá wa lọ.

Wọ́n tún bá wa rí ọkọ̀ wa tó dojú dé. Kò ju pé ìgbòkun ya lọ.

Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ní àwọn fúnra wọn ló máa ròyìn fún ìyá mi. A dé Agége ní ìrọ̀lẹ́, kókó wà lórí mi bí ẹyin. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí kúnlẹ̀ ni o, wọn ò dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́.

Ìyá mi fọwọ́ kan kókó orí mi. Wọ́n gba ẹ̀wù náà, wọ́n tẹ òwú rẹ̀, omi ń kán sílẹ̀. Wọ́n wá mú abẹ́rẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú ìrán rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"Ó ti mu omi," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ tún un kì, kó tó di ìje mìíràn."

Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi rán Bọ̀ọ̀dá Rótìmí lọ sí Dópẹ̀mú pé kí wọ́n lọ ra ẹ̀wù tiwọn. Kí ọdún tó yí, kò sí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ìje ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta láìwọ ẹ̀wù ìléfòó mọ́. Èmi ni mò ń tẹ rọ́bà wọn wò nínú omi, ìyá mi ń kì wọ́n, àwọn tó pè mí ní Tìmùtìmù sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Inú ìyá mi ń dùn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi hàn. Wọ́n á kàn ní kí oníbàárà gbé apá sókè dáadáa.

Ìje tó tẹ̀ lé e, àwa la gba ipò kìíní. A gba ife kan tí wọ́n fi irin ṣe. Ìyá mi wà létí omi lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dúró níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń retí bàbá mi. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń kí wa, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù ọrùn mi.

Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n so ìgbànú rẹ̀, wọ́n sì wọ inú ọkọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Rótìmí rọra darí wa jáde. Ìyá mi di etí ọkọ̀ mú pinpin. Nígbà tó yá, wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi, wọ́n sì fi sílẹ̀ níbẹ̀, omi ń gba àárín ìka wọn kọjá. Mo ń wò wọ́n. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí rò pé ẹ̀rù ti bà wọ́n tó, wọ́n ní ká máa padà sétí omi.

"Ẹ má tíì padà," ni ìyá mi wí.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wù ìléfòó, kó má wo àwọ̀. Kó bèèrè ohun tí ẹ̀wù náà lè ṣe fún un nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò bá lè ṣe nǹkan kan. Tí ẹnì kan nílé bá sì ń bẹ̀rù nítorí rẹ, má sá fún onítọ̀hún. Mú un dání lọ sọ́jà, ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè jẹ́ òun ló máa gbà ọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló bi yín ní ìbéèrè kan rí tó bí yín nínú, tó wá padà di ìgbàlà yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Etí mi ṣì ń gbọ́ dáadáa, àyè sì wà fún ìtàn tiyín.